Sir William Dawson àti Ewéko inú Òkúta

Ní ìlú Pictou, ní Nova Scotia ti ilẹ̀ Kánádà, ni a gbé bí John William Dawson ní ọjọ́ 13 oṣù October, ọdún 1820. Òǹtàwé ni bàbá rẹ̀, ará Scotland. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń ṣa òkúta tí àwòrán ewé wà lára wọn. Ó kàwé ní Edinburgh; ní 1850 a fi í ṣe alábòójútó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Nova Scotia, àti láti 1855 títí di 1893 òun ni olórí ilé-ẹ̀kọ́ gíga McGill ní Montreal. Inú àwa tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ yóò dùn láti gbọ́ pé òun náà ni olórí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí a dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1857.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ewéko kan ni mo fẹ́ sọ. Ní etí òkun Gaspé, William Logan, ẹni tí ń wádìí ilẹ̀ Kánádà fún ìjọba, ti rí ègé ewéko tí ó ti di òkúta. Dawson yẹ̀ wọ́n wò, ó sì lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní 1859 ó sọ ewéko náà ní Psilophyton princeps. Ohun ìyanu ni: kò ní ewé, kò ní òdòdó, kò ní irúgbìn. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lásán ni, tí ń pín sí méjì bí igi kànnàkànnà, tí ọ̀nà omi sì là á láàárín. Ní ṣóńṣó ẹ̀ka ni àwọn àpò wẹ́wẹ́ so rọ̀ sí ní méjì-méjì, eruku tí ewéko náà fi ń bí sí i sì wà nínú wọn. Ó tó nǹkan bí 400,000,000 ọdún tí ó ti wà láàyè.

Àwọn amòye kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní bóyá ègé ara ewéko mìíràn ni. Ní 1870 ó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n wọn kò tẹ iṣẹ́ náà jáde lódindi; Kánádà ni a ti tẹ̀ ẹ́ ní 1871. Lójú tèmi, iyèméjì wọn kò ṣàìnídìí, nítorí nínú àwòrán tí Dawson yà, ó ti so ègé ewéko ju ẹyọ kan lọ pọ̀. Òun tìkára rẹ̀ kò sì gba ẹ̀kọ́ Darwin títí ó fi kú ní ọjọ́ 19 oṣù November, 1899.

Ní 1912 ni oníṣègùn kan, William Mackie, rí òkúta kan ní Rhynie ní Scotland. Nínú rẹ̀ ni Kidston àti Lang ti rí Rhynia, ewéko tí kò ní ewé, tí kò sì ní gbòǹgbò. Àríyànjiyàn dópin. Ní 1917 wọ́n dá ìdílé kan sílẹ̀ fún irú ewéko wọ̀nyí, wọ́n sì fi orúkọ ewéko Dawson pè é: Psilophytales. Ní 1968 Harlan Banks, ará Amẹ́ríkà, pín ìdílé náà sí mẹ́ta. Ní 1971 Francis Hueber yọ ewéko ẹlẹ́gùn-ún tí Dawson ti dà pọ̀ mọ́ tirẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì sọ ọ́ ní Sawdonia, èyí tí í ṣe orúkọ Dawson tí a yí lẹ́tà rẹ̀ padà.