Alfred Nobel: Ohun tó fi ń fọ́ àpáta ló padà di oògùn ọkàn rẹ̀

Orúkọ Alfred Nobel kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá, pàápàá láti ọdún 1986 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà-Rẹ́mọ, ti gba ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n fi orúkọ ọkùnrin náà pè. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé àrùn ọkàn bá Nobel fínra, ohun tó sọ ọ́ di olówó náà ni àwọn dókítà sì fún un lò.

Ìlú Stockholm, lórílẹ̀-èdè Sweden, ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 21, oṣù Kẹwàá, ọdún 1833. Nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Paris, ó pàdé Ascanio Sobrero, ọmọ Ítálì tó kọ́kọ́ ṣe nitroglycerin lọ́dún 1847. Omi yìí a máa bú gbàmù. Nígbà tí Sobrero fi díẹ̀ kan ahọ́n, ńṣe ni orí fọ́ ọ.

Lọ́jọ́ 3, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1864, omi náà bú gbàmù níbi iṣẹ́ wọn, ó sì pa Emil, àbúrò Nobel, àtàwọn mìíràn. Síbẹ̀, Nobel kò jáwọ́. Ó po ó mọ́ irú erùpẹ̀ kan tó fi rọrùn láti gbé kiri, ó pè é ní dynamite lọ́dún 1867. Òun ni wọ́n fi fọ́ àpáta láti la ọ̀nà káàkiri ayé.

Lọ́dún 1879, William Murrell, dókítà kan ní London, jẹ́ kó di mímọ̀ pé ìwọ̀nba kín-ún omi yìí, tí wọ́n bá là á, máa ń dá àyà ríro dúró fún ẹni tí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn rẹ̀ ti dí. Kò gba abẹ rárá. Nígbà tí àìsàn wọ Nobel lára lọ́dún 1896, oògùn yìí ni wọ́n kọ fún un. Trinitrin ni wọ́n ń pè é, kí orúkọ gidi má baà dẹ́rù ba aláìsàn. Nobel kọ lẹ́tà sí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pé àfi bí ẹni pé àyànmọ́ ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀. Lọ́jọ́ 10, oṣù Kejìlá, ọdún náà, ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ rẹ̀ ní San Remo, ó sì kú lẹ́ni ọdún 63.

Ìwé ìhágún tó kọ lọ́dún 1895 ló bí ẹ̀bùn náà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni lọ́dún 1901. Lọ́dún 1998, Furchgott, Ignarro àti Murad gba ti ìmọ̀ ìṣègùn, torí wọ́n ṣàwárí pé afẹ́fẹ́ nitric oxide, èyí tí nitroglycerin ń tú sínú ara, ló ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀. Owó Nobel ló san ẹ̀san fún àwọn tó túmọ̀ oògùn Nobel.

Títí dòní, abẹ́ ahọ́n ni wọ́n ń fi oògùn náà sí. Ìrora ló ń dá dúró, kì í kó ohun tó dí iṣan kúrò. Ẹni tó bá sì lò ó mọ́ oògùn agbára ọkùnrin bíi Viagra lè kú, torí ìfúnpá rẹ̀ yóò já wálẹ̀ lójijì. Yálà Stockholm lèèyàn ń gbé ni o, tàbí Ìjẹ̀bú-Imùṣin, dókítà nìkan ló yẹ kó kọ ọ́ fúnni; bí àyà bá sì ń roni tí kò dáwọ́ dúró, ọsibítù ló kàn.