Ọkùnrin Tó Padà Lọ Bẹ Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé



Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mo da omi sórí ìwé ọ̀rẹ́ mi kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ọmọ Tápà ni. Inú ẹgbẹ́ wa yìí ló ti ń kọ́ Yorùbá. Mo ní pẹ̀lẹ́, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mi, mo bá tèmi lọ. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó yà mí lẹ́nu. Ṣebí mo ti ní pẹ̀lẹ́, kí ló tún kù? Ìtàn ọkùnrin kan tó ti kú tipẹ́ ló jẹ́ kí n rí ohun tó kù. Ludwig Wittgenstein lorúkọ ẹ̀.

Ìlú Vienna ní ilẹ̀ Ọ́sítríà ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1889. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́jọ. Òwò irin ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, olówó rẹpẹtẹ sì ni. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni Ludwig kọ́kọ́ kọ́, ní Berlin àti ní Manchester. Nígbà tó yá, èrò ìjìnlẹ̀ gbà á lọ́kàn, ó sì lọ bá Bertrand Russell ní Cambridge ní ọdún 1911.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó wọṣẹ́ ológun. Àkókò yẹn ló kà nípa kóòtù kan ní Paris tí wọ́n ti fi mọ́tò ìṣeré ṣàlàyé bí ìjàǹbá ọkọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni gbólóhùn ṣe rí: àwòrán nǹkan ni. Èrò yìí wà nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, tó jáde ní 1921. Ó gbà pé òun ti parí iṣẹ́. Ó pín ogún bàbá rẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì lọ di tíṣà ní abúlé.

Láti 1920 dé 1926 ló fi ṣe tíṣà. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà, kódà ó ṣe ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú fùfù ni, ó sì máa ń na ọmọ. Ní Otterthal, ní 1926, ó gbá ọmọkùnrin kan lórí, ọmọ náà dákú. Bó ṣe fi iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ní 1929, ó padà sí Cambridge. Wọ́n máa ń sọ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbẹ̀, Piero Sraffa ọmọ Ítálì, fi ọwọ́ gbá abẹ́ àgbọ̀n, bí àwọn ará Naples ṣe máa ń ṣe tí nǹkan ò bá jọ wọ́n lójú, ó sì bi í pé àwòrán kí nìyẹn. Àwa náà ní irú ẹ̀. Bí ẹnì kan bá yínmú sí ẹ, kò ya àwòrán kankan, síbẹ̀ o mọ̀ pé ó ti bú ẹ.

Díẹ̀díẹ̀, Wittgenstein yí èrò padà. Ó ní ká máa wo ohun tí àwọn èèyàn ń fi ọ̀rọ̀ ṣe. Ẹ wo bíríkìlà lẹ́nu iṣẹ́: tó bá ti pe búlọ́ọ̀kù, lébírà á gbé e wá. Irú àpẹẹrẹ tó lò nìyẹn. Lójú tirẹ̀, ká tó lè jọ sọ̀rọ̀, kò di ìgbà tí mo bá wo inú ọkàn rẹ. A jọ ń gbé ayé, a sì jọ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ wà fún. Ìyẹn ló jẹ́ ká máa gbọ́ra wa yé.

Mo fi Yorùbá dán an wò. Nínú ẹ kú iṣẹ́, n ò rí nǹkan tí mo lè nawọ́ sí pé òun ni kú. Ṣùgbọ́n ẹ kọjá lára àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ má kí i, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà níṣẹ́ tó ń ṣe.

Ní 1936, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, Wittgenstein padà sí Otterthal. Ó lọ bá àwọn tó ti nà rí, ó ń bẹ̀ wọ́n. Kì í ṣe gbogbo wọn ló tújú ká sí i, àmọ́ ó lọ. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1939. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ń bá wọn gbé oògùn kiri ní ọsibítù Guy's ní London. Ó kú ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1951. Ọdún 1953 ni ìwé rẹ̀ kejì ńlá jáde.

Ìrìn àjò Otterthal yẹn ló là mí lójú. Pẹ̀lẹ́ ni ẹni tó ń kọjá ń sọ fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ. Kì í ṣe òun ló gbé òkúta síbẹ̀. Èmi tí mo da omi, mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń kọjá. Ọ̀rẹ́ mi tó kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ wa mọ ìyàtọ̀ náà jù mí lọ.

Mo ra ìwé tuntun, mo da gbogbo nóòtì rẹ̀ kọ sínú ẹ̀, mo lọ bá a nídìí ibùsùn rẹ̀, mo ní kó má bínú. Kò tíì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n lánàá, àwa méjèèjì la jọ lọ pọnmi.

Ó dìgbà kan ná o.