Òṣòdì Tápà àti Ìwé Ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó

Ọ̀pọ̀ èrò tó ń gba Òṣòdì kọjá lọ sí Ìsọlọ̀ lójoojúmọ́ ni kò mọ̀ pé orúkọ ènìyàn kan ni wọ́n ń pè. Ìtàn ẹni náà kọ́ni ní ohun tí ìwé ilẹ̀ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Ilẹ̀ Tápà ni wọ́n ti bí Láńdújì Òṣòdì. Ọmọdé ni nígbà tó dé Èkó, ó sì di ẹrú nínú agbo ilé Ọba Òṣìnlókun. Làákàyè àti ìṣòótọ́ ló gbé e ga. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ gorí oyè ní 1845, Òṣòdì di ọ̀kan nínú àwọn balógun rẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, Òṣòdì bá olúwa rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Ní 1862, wọ́n padà wálé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó ti gba Èkó ní 1861, fún Òṣòdì ní ibi tí wọ́n wá ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ó pín in sí agbo ilé 21 fún àwọn àrọ́tà rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, àrọ́tà lè kọ́lé, ọmọ rẹ̀ sì lè jogún rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ fún àlejò. Bí ìran rẹ̀ bá parun, ilẹ̀ yóò padà sọ́wọ́ ìdílé Òṣòdì.

Òṣòdì kú ní 1868. Ní 1869, ìjọba kọ ìwé ilẹ̀ fún àwọn olórí agbo ilé wọ̀nyí ní orúkọ ara wọn. Ẹni tó bá ka ìwé náà lásán yóò rò pé àwọn ló ni ilẹ̀ pátápátá. Níbẹ̀ ni gbọ́nmi-si-omi-ò-to ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ta ilẹ̀. Àwọn tó rà á kọ́lé sí i. Ìdílé Òṣòdì sì pe ẹjọ́. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1930, àwọn adájọ́ sọ pé ìwé 1869 kò pa àṣà rẹ́, ẹ̀tọ́ olóyè Òṣòdì ṣì wà lórí ilẹ̀ náà. Ní 1947, ìjọba ní láti ṣe òfin kan fún ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó nìkan kí ọ̀rọ̀ tó lójútùú.

Òfin ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀tọ́ ilẹ̀ ti dé Èkó ní 1935, Òfin Ìlò Ilẹ̀ sì dé ní 1978. Ìwé dára, nítorí ó ń gba ọmọ aláìlágbára lọ́wọ́ ajagungbalẹ̀. Ṣùgbọ́n kí orúkọ tó wọ ìwé, ó yẹ kí wọ́n pe ẹbí jọ, kí wọ́n bi àwọn àgbà léèrè, kí wọ́n sì kọ ohun tí gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí sínú rẹ̀. Ohun tí wọn kò ṣe ní 1869 nìyẹn, ọgọ́rin ọdún ó dín méjì ni ọmọ àti ọmọ-ọmọ sì fi jìyà rẹ̀.