Seymour Cray, Ọkùnrin Tó Bá Ooru Jà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má bínú pé ìwé ìròyìn ògiri wa pẹ́ kó tó jáde lẹ́ẹ̀kọjá. Kọ̀ǹpútà ilé wa ló fà á. Mo ń tẹ̀wé lọ́wọ́, ó kú. Mo tún tàn án, ìṣẹ́jú márùn-ún ò pé, ó tún kú. Ẹ̀gbọ́n mi tú u, ó ní ooru ni. Eruku ti dí fáànù, processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, sì ti gbóná débi pé ó ń pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Ó wá ní àwọn kan wà tó jẹ́ pé omi ni wọ́n fi ń mú tiwọn tutù. Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Omi kẹ̀, nínú nǹkan oníná? Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, mo sì bá Seymour Cray pàdé.

Ọjọ́ 28 oṣù September ọdún 1925 ni wọ́n bí i ní Chippewa Falls, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, l'Amẹ́ríkà. Ẹnjiníà ni bàbá rẹ̀. Nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó fi nǹkan ìṣeré ọmọdé to ẹ̀rọ kan tó ń sọ ihò ara bébà di àmì Morse, èyí tí wọ́n fi ń tẹ wáyà láyé ọjọ́un. Ó ja Ogun Àgbáyé Kejì, ó dé, ó wọ Yunifásítì Minnesota, ó kẹ́kọ̀ọ́ iná mànàmáná àti ìṣirò. Ó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ Control Data, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957. Nígbà tó yá, ariwo àwọn ọ̀gá sú u, wọ́n sì kọ́ ibi iṣẹ́ fún un nílé, ní Chippewa Falls.

Ẹ mú rúlà yín jáde ná. Tí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, nínú ẹyọ kan ṣoṣo, iná ò lè rìn ju gígùn rúlà yẹn lọ. Lójú tiwa, eré burúkú nìyẹn. Lójú Cray, ó ń falẹ̀. Wáyà tó bá gùn ń fi àkókò ṣòfò, nítorí náà ó ń gé wáyà kúrú, ó ń to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà súnmọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wọ dánfó láti Kétu wá sí Ìkòròdú mọ̀ pé níbi tí èrò bá ti fún mọ́ra, ooru ò ní ṣàì sí ńbẹ̀.

CDC 6600, tó jáde ní 1964, ní tiransísítọ̀ bí 400,000 nínú. Fáànù ò lè ràn án. Dean Roush ni wọ́n gbé iṣẹ́ ìtutù rẹ̀ lé lọ́wọ́, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ Amana tó ń ṣe fìríìjì. Ohun tó mọ̀ nípa fìríìjì náà ló lò: ó gba Freon kọjá nínú páìpù láàárín ara kọ̀ǹpútà. Kò sí kọ̀ǹpútà tó yá tó o láyé nígbà náà. Ọ̀gá IBM bínú, ó kọ̀wé sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó ń bi wọ́n bí èèyàn 34, tí ẹni tó ń gbálẹ̀ wà nínú wọn, ṣe lè ṣáájú gbogbo wọn. Tẹ́ ẹ bá bi mí, Roush yẹ lẹ́ni tí à bá máa dárúkọ ju báyìí lọ.

Ẹni tó bá ti kánjú mu ògì gbígbóná rí mọ̀ pé kéèyàn gbé kọ́ọ̀bù sínú abọ́ omi tútù yá ju kó máa fẹ́ ẹ lẹ́nu lọ. Omi ń gba ooru ju atẹ́gùn lọ. Ṣùgbọ́n omi náà á gbóná, àfi kó ríbi gbé ooru ọ̀hún dà sí. Nínú kọ̀ǹpútà ilé, pọ́ǹpù kékeré ló ń ti omi kọjá lórí irin tó lẹ̀ mọ́ processor, lọ sínú rédíétọ̀ bíi ti mọ́tò, kó tó padà. Ṣebí irú rẹ̀ náà ló ń ṣẹlẹ̀ nítòsí wa ní Egbin. Omi ọ̀sà ni wọ́n fi ń mú èéfín omi tó ti yí ẹ̀rọ iná tán tutù, kó lè padà di omi.

Ní 1972, Cray dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Cray Research. Cray-1 rẹ̀ dé Los Alamos ní 1976. Ó rí bíi lẹ́tà C, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù márùn-ún àbọ̀, àga sì yí ìdí rẹ̀ ká. Kó tó jáde, ó fojú wọn rí màbo. Ibi tí wọ́n ti jó páìpù pọ̀ ń jò, òróró inú rẹ̀ ń ṣàn sórí ẹ̀yà oníná, ó ń bà wọ́n jẹ́. Àfi ìgbà tí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn láti jó irin pọ̀. Mo ka ibí yìí sí ẹ̀gbọ́n mi létí. Fáànù tuntun ló rà.

Cray ò bẹ̀rù ní tiẹ̀. Nínú Cray-2, ọdún 1985, kò tún lo páìpù láàárín ẹ̀yà mọ́. Ó ri gbogbo ẹ̀yà náà bọ inú Fluorinert, nǹkan olómi kan tó mọ́ bí omi ṣùgbọ́n tí iná ò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ó ń hó lójú gbogbo èèyàn, wọ́n sì ń pè é ní Bubbles.

Cray-3 ló ṣe é léṣe. Ó ṣí lọ sí Colorado Springs nítorí rẹ̀, ẹyọ kan péré ló jáde síta, ilé-iṣẹ́ náà sì wó ní 1995. Ní 1996, lẹ́ni àádọ́rin ọdún, ó tún dá òmíràn sílẹ̀. Oṣù September ọdún yẹn, jàm̀bá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i lójú títì. Ọsìbítù ló ti pé ọmọ ọdún 71. Ọjọ́ keje lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ 5 oṣù October, ó kú.