Joseph Henry: Ẹni Tí Ó Fi Iná Kékeré Pàṣẹ Fún Iná Ńlá

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní Enugu yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní IMT, ọ̀pọ̀ yín ti bá henry pàdé nínú ìṣirò iná. Ẹni tí ó ni orúkọ náà gan-an ńkọ́?

Ìlú Albany ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí Joseph Henry, ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1797. Tálákà ni àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n fi í kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ń tún aago ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di 1826, ó ti di olùkọ́ àgbà ní Albany Academy. Níbẹ̀ ni ó ti ń wé wáyà mọ́ irin ní ìpele ìpele títí irin náà fi ń di òòfà bí iná bá ti wọ̀ ọ́. Èyí tí ó ṣe fún Yale ní 1831 gbé ẹrù tí ó ju póùn 2,000 lọ! Ní 1832, ó kọ̀wé nípa ohun kan tí ó ṣàkíyèsí: bí a bá já iná kúrò lára wáyà gígùn tí a wé, iná a ta pàrá lẹ́nu wáyà.

Lọ́dún yẹn kan náà ni ó lọ sí Princeton ní New Jersey. Ibẹ̀ ni ó ti gbé ọgbọ́n relay kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1835. Òòfà ńlá á gbé ẹrù dání lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Henry á dúró lókèèrè, á fi iná tí kò tó nǹkan já iná òòfà náà, ẹrù á sì já lulẹ̀ gbì! Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe mímì fún adìẹ. Sam Parker, ènìyàn dúdú bíi tiwa, ni ó ń bá a tọ́jú àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó yá, bí ọ̀pọ̀ ìwé kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

New Jersey yìí náà ni apá róbọ́ọ̀tì ti kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ ní 1961, ní ilé iṣẹ́ General Motors. Ọgbọ́n Henry kò sì tíì kúrò níbẹ̀. PLC kékeré tí ń darí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹrù iná apá róbọ́ọ̀tì. Relay ni kí ẹ fi sáàárín. Bí PLC bá sì pa iná 24 volt lára wáyà inú relay, iná tí Henry rí yóò ta padà, ó sì lè ba PLC jẹ́. Nítorí náà ni a fi ń so diode mọ́ ọn, kí ojú tí ó ní ilà kọ sí pọ́sítíìfù.

Bọ́tìnnì ìdádúró pàjáwìrì kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ètò inú PLC nìkan. Ẹ fa ọ̀nà wáyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti ibẹ̀ lọ sí ibi ààbò róbọ́ọ̀tì, kí iná máa gba inú wọn nígbà gbogbo. Bí ọ̀kan bá já, kí apá náà dúró. Bí iná bá lọ tí ó tún dé, bí ó ti ń ṣe wá ní Enugu níbí, kí apá náà má ṣe dá gbéra. Ènìyàn ni kí ó tún un tàn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kínní 1979, apá róbọ́ọ̀tì gbá òṣìṣẹ́ kan pa ní ilé iṣẹ́ Ford ní Michigan.

Henry kò gba àṣẹ oníhun lórí relay. Morse ni tẹligíráàfù sọ di olówó. Ní 1846 ni Henry di akọ̀wé àkọ́kọ́ fún Smithsonian ní Washington, ipò náà ni ó sì wà títí ó fi kú ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 1878. Ní 1893, àwọn onímọ̀ iná pàdé ní Chicago, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ òṣùwọ̀n ohun tí ó wà nínú wáyà wíwé tí ń mú kí iná ta pàrá bẹ́ẹ̀.