Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips àti Àwọn Ọmọ Èkìtì Tí Wọ́n Padà Wálé

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Bí a bá ń sọ bí ìgbàgbọ́ Kristi ṣe dé Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Ẹmùré àti agbègbè wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé òyìnbó ni ó gbé e wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Èkìtì tí ogun ti kó lẹ́rú ni wọ́n rù ú wálé, adúláwọ̀ ni ó sì ṣe olùṣọ́ wọn: Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips.

Ní ọdún 1877 ni Phillips dé Òde Oǹdó gẹ́gẹ́ bí òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S. Kò pẹ́ tí ogun Kírìjì fi bẹ́ láàrin Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀. Ní ọdún 1886, Gómìnà Moloney ti Èkó rán òun àti àlùfáà Samuel Johnson láti bá wọn wá àlàáfíà. Johnson lọ sí ọ̀dọ̀ Aláàfin àti Ìbàdàn. Phillips lọ sí ibùdó Èkìtìparapọ̀, níbi tí Ògèdèǹgbé ti jẹ́ balógun. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà ọdún náà ni wọ́n fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó sọ Èkìtì di òmìnira lọ́wọ́ Ìbàdàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1893 ni ogun tó parí pátápátá.

Àlàáfíà yìí ni ó ṣí ọ̀nà ilé fún àwọn ẹrú. Àwọn kan nínú wọn ti gba ìgbàgbọ́ ní ilẹ̀ àjèjì. Ifámúbọ̀ni padà sí Adó, Babátọ́pẹ́ sì padà sí Ìsẹ̀, wọ́n ń wàásù fún àwọn ará ilé wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Ẹni tí ó ti sọnù tí ó padà dé, àwọn ẹbí a máa retí pé kí ó bá wọn bọ òrìṣà ilé, kí ó sì bá wọn ṣe ọdún. Ní Ìkẹ́rẹ́, ọdún Ọlósùnta kì í ṣe ohun tí ọmọ ìlú ń fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Bí onígbàgbọ́ bá kọ̀, àwọn àgbà a rò pé ó kọ ìdílé rẹ̀ ni. Òfin ìjọ pẹ̀lú kò rọrùn: kò gba ọkùnrin oníyàwó púpọ̀ láyè láti ṣe ìrìbọmi. Ẹni tí ó fẹ́ gbàgbọ́ ní láti ronú lórí ìyá àwọn ọmọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà ọdún 1893, a fi Phillips àti Isaac Olúwọlé jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n igbákejì ni a fi wọ́n ṣe, òyìnbó ni olórí, bẹ́ẹ̀ ni kò ì tíì pé ọdún méjì tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther kú. Èyí dun ọ̀pọ̀ adúláwọ̀. Ní ọdún 1901 ni àwọn kan kúrò nínú ìjọ ní Èkó, tí wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Phillips kò bá wọn lọ. Ó dúró nídìí iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, Oǹdó àti Èkìtì, títí ó fi kú ní ọdún 1906. Ọmọ rẹ̀, T. K. Ekúndayọ̀ Phillips, ni ó wá di àgbà olórin ìsìn Yorùbá ní Èkó.

Lónìí, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún ní Ìkẹ́rẹ́, ọdún Ọlósùnta sì ń wáyé níbẹ̀. Inú agbo ilé kan náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lọ sí ibi méjèèjì ti jáde wá. Ẹni tí ó bá jókòó ní ìrọ̀rùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀nyí, kí ó rántí àwọn tí wọ́n ti oko ẹrú dé, tí wọ́n tún di àjèjì nínú ilé baba wọn.