Ìtàn Ìgbésí Ayé Jackie Robinson, Akọni Agbá-bésíbọ́ọ̀lù

Àwọn àgbà ní ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí ti lo òwe náà nínú àròkọ rẹ lọ́pọ̀ ìgbà, bóyá kí olùyẹ̀wò lè mọ̀ pé o gbọ́ òwe. Lónìí, bá mi kálọ sí Amẹ́ríkà, kí o wá rí ọkùnrin kan tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ènìyàn dákẹ́ àti ìgbà tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀, àti ohun tí èkínní-kejì ná an. Jack Roosevelt Robinson ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ṣùgbọ́n Jackie ni gbogbo ayé ń pè é.

Ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1919 ni a bí i nítòsí ìlú Cairo, ní ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń dáko lórí ilẹ̀ òyìnbó. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ márùn-ún. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí bàbá náà fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀, Mallie, kó àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ ojú irin, ó di Pasadena ní California, níbi tí ó ti ń fọ aṣọ tí ó sì ń tún ilé onílé ṣe kí wọ́n lè rí jẹ. Eré ìdárayá wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn: Mack, ẹ̀gbọ́n Jackie, ni ó ṣe ipò kejì sí Jesse Owens nínú eré sísá igba mítà ní Berlin ní ọdún 1936.

Ní ọdún 1944, nígbà tí Jackie jẹ́ ọ̀gá kékeré nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun, awakọ̀ kan ní kí ó dìde lọ jókòó sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ológun, ilé ẹjọ́ sì dá a láre. Fi èyí sọ́kàn o, nítorí ọkùnrin tí à ń sọ yìí kì í ṣe ẹni tí ń gba ìwọ̀sí mọ́ra.

Bí o kò bá mọ bésíbọ́ọ̀lù, ó fara jọ kíríkẹ́ẹ̀tì díẹ̀. Ẹnì kan a ju bọ́ọ̀lù kékeré tí ó le, ẹnì kejì a fi igi gbá a, a sì sáré yí ibùdó mẹ́rin ká. Lẹ́yìn ọdún 1884, wọn kò gba aláwọ̀ dúdú kankan láyè mọ́ nínú ìdíje ńlá eré yìí. Kò sí òfin kan nínú ìwé; àwọn olówó ẹgbẹ́ ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan lábẹ́lẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú dá ìdíje tiwọn sílẹ̀, níbẹ̀ ni Robinson sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún Kansas City Monarchs ní ọdún 1945.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún náà, Ọ̀gbẹ́ni Branch Rickey, òyìnbó tí ń darí ẹgbẹ́ Brooklyn Dodgers, ránṣẹ́ pè é. Nǹkan bí wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi wà pọ̀. Rickey ń ṣe bí òǹwòran tí ń bú u, ó tún ń ṣe bí akọ̀wé hòtẹ́ẹ̀lì tí kò fún un ní yàrá, kí ó lè mọ̀ bí yóò ti ṣe sí i. Robinson bi í léèrè bóyá ojo tí kò lè gbèjà ara rẹ̀ ni ó ń wá. Rickey dá a lóhùn pé ẹni tí ó ní ìgboyà tó láti má ṣe gbẹ̀san ni òun ń wá. Robinson sì ṣe ìlérí pé òun yóò pa ẹnu òun mọ́ fún ọdún mẹ́ta.

Lẹ́yìn ọdún kan ní Montreal, ó wọ aṣọ Dodgers, nọ́ńbà 42, wọ pápá Ebbets Field ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1947. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ti kọ ìwé pé àwọn kò ní bá aláwọ̀ dúdú ṣeré. Kò pẹ́ tí àwọn ará Philadelphia wá pàdé wọn, tí Ben Chapman, olùdarí wọn, àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bú Robinson ní èébú tí n kò lè kọ sínú ìwé ọmọ iléèwé. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nígbà tí ó yá pé díẹ̀ ló kù kí òun ju ìlérí náà nù, kí òun lọ lù wọ́n, kí òun sì máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n kò fèsì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà pọ̀ jù, Eddie Stanky, òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ni ó kọjú sí àwọn ará Philadelphia, ó sì pè wọ́n ní ojo tí ń bú ẹni tí kò lè fèsì. Nígbà tí ọdún parí, Robinson ni wọ́n yàn ní ẹni tuntun tí ó tayọ jù lọ.

Ní ọdún 1949 ni Rickey tú okùn ẹnu rẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n yàn án ní òṣèré tí ó dára jù lọ nínú Líìgì National. Ó bẹ̀rẹ̀ sí bá rẹ́fírì jiyàn bí àwọn òyìnbó ti ń ṣe, àwọn tí ó ti ń yìn ín fún ìdákẹ́jẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní oníjàgídíjàgan. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó bá a lára mu. Ní oṣù Keje ọdún náà, ó lọ sí iwájú ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin, ó sì tako Paul Robeson, olórin aláwọ̀ dúdú nì. Nígbà tí ó dàgbà sí i, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ara rẹ̀ pé bí ó bá jẹ́ pé ìsinsìnyí ni wọ́n pe òun, òun kò ní jẹ́ ìpè náà.

Ó fi eré sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1957, ó di ọ̀gá nílé iṣẹ́ kọfí kan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1958, Ààrẹ Eisenhower sọ fún àwọn aṣáájú aláwọ̀ dúdú pé kí wọ́n ní sùúrù. Robinson wà ní ìjókòó. Ní ọjọ́ kejì, ó kọ lẹ́tà sí Ààrẹ pé kò sí ìran tí ó ti ní sùúrù tó ìran òun. Èmi kò fara mọ́ àwọn tí ń fi ìtàn rẹ̀ kọ́ ọmọdé ní sùúrù nìkan, tí wọn kì í sì í dárúkọ lẹ́tà yìí. Ta ni ó tún lè sọ̀rọ̀ lórí sùúrù ju ẹni tí ó ti san gbèsè rẹ̀ tán lọ?

Àrùn àtọ̀gbẹ jẹ ẹ́ lára púpọ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1972, wọ́n pè é sí pápá ní Cincinnati láti yẹ́ ẹ sí pé ó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ó ti ṣí ilẹ̀kùn náà. Irun orí rẹ̀ ti funfun, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé inú òun yóò dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ tí òun bá rí aláwọ̀ dúdú tí ń darí ẹgbẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn èyí, ó kú ní ẹni ọdún 53.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 1975, Frank Robinson, tí kò bá a tan, di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó darí ẹgbẹ́ nínú ìdíje ńlá náà, ní ìlú Cleveland. Rachel, opó Jackie, ni wọ́n pè kí ó wá ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́.